Ta Ni Ó Ni Ilé Ìmọ̀?

Bí a bá dárúkọ Ìgànmú, ilé ìṣeré ńlá tí a ṣí ní ọdún 1976, tí a sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní ọdún 2024, ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí. Àṣà ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ náà àṣà ni, ó sì ní ìtàn nítòsí ibẹ̀. Ní Èbúté Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Ìgànmú, ni Gómìnà Alfred Moloney ti dá ọgbà ewéko ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1887, kí wọ́n lè mọ irúgbìn tí yóò mú owó wọlé. Ọgbà yẹn kò sí mọ́. Ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀ ni kò tí ì kúrò nílẹ̀: ilé ìmọ̀ tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nítorí èrè ẹlòmíràn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á pè é ní ogún tiwa?

Moor Plantation ní Ìbàdàn ni ìbéèrè yìí ti ṣe kedere jù lọ. British Cotton Growing Association, ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò òwú dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1902, ti gba ilẹ̀ tí ó lé ní 1,000 hẹ́kítà níbẹ̀ nígbà tí ó fi máa di ọdún 1905. Ohun tí wọ́n ń wá ni òwú tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ilẹ̀ wọn yóò máa jẹ. Ní ọdún 1910, ibẹ̀ di olú-iléeṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ fún Gúúsù Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1921. Òun ni ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ lónìí.

Kí ni àgbẹ̀ ṣe? Òwú kò ṣàjèjì sí Yorùbá. A ti ń ran án, a ti ń hun ún, kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí owó òwú kò wú àgbẹ̀ lórí, kòkó ni ó yàn. Àwọn àgbẹ̀ Agége, bí J. K. Coker, ni wọ́n mú ipò iwájú. Wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn alágbàṣe tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ mú èso kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú wọn. Ọgbọ́n kò gbé inú ilé ìwádìí nìkan.

Àwọn kan yóò wí pé kí á kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí ó kọ́ ọ. A kì í bínú orí kí á fi fìlà dé ìbàdí. Àwọn mìíràn yóò ní ọpẹ́ nìkan ni ó yẹ wá, bí ẹni pé òkùnkùn ni àgbẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Èyí pàápàá kì í ṣe òtítọ́.

Lójú tèmi, àrólé kì í jogún ilé kí ó kọ gbèsè. Gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni pé a dá a sílẹ̀ láìbéèrè ohun tí àgbẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ni ní èdè Yorùbá, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti rí bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí san án. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀dú, amọ̀ àti yangí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ilẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí ni ìwádìí àwọn baba rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí kò lè fi èdè àgbẹ̀ ṣàlàyé àrùn tí ó ń pa kòkó fún un, ta ni ó kàwé náà fún?

Kì í ṣe orúkọ tí a kọ sí ara ògiri ni yóò sọ ilé ìmọ̀ di tiwa. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá wọlé láìwárìrì, tí ó béèrè, tí ó sì dáhùn, tí ọ̀mọ̀wé sì mú gègé láti kọ ohun tí ó wí sílẹ̀, ọjọ́ náà ni a jogún rẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bi í pé ta ni ó ń wá, ilé onílé ni a ṣì ń gbé.