Eré tí Wọ́n Fòfin Dè

Iṣẹ́ ọnà tí ìjọba kọ̀ ni orin, eré, àwòrán tàbí ìwé tí àwọn aláṣẹ fòfin dè, tí wọ́n lé kúrò lórí rédíò, tàbí tí wọ́n torí rẹ̀ ti ẹni tó ṣe é mọ́lé. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ ju ìwé òfin lọ: ta ló láṣẹ láti ní kí akọrin dákẹ́? Bí wọ́n bá sì pa á lẹ́nu mọ́, ṣé ìfòfindè náà ló sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ohun iyì, àbí iyì ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Yorùbá ti fèsì apá kan ìbéèrè yìí. Wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó wà láàrin àwọn Kétu, Yewa àti Àwórì, òru Ẹ̀fẹ̀ ni akọrin máa ń fi orin bá olè, ọ̀dàlẹ̀ àti ìjòyè tó ń ni ìlú lára wí. Àwọn ìyá ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ náà fún, abẹ́ ààbò wọn ni akọrin sì wà. Ẹni tí orin bá bá wí a gbà á mọ́ra. Kì í ṣe pé ayé àtijọ́ kò ní ọba òṣìkà. Àmọ́ àwọn àgbà mọ̀ pé ìbáwí ní àyè tirẹ̀, wọ́n sì ya òru kan sọ́tọ̀ fún un. Àwọn òyìnbó amúnisìn mú òfin tó ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí ọ̀tẹ̀ wá, wọn kò ya òru kankan sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ, òfin náà kò bá wọn lọ.

Hubert Ògúndé, òṣèré ọmọ Ọ̀sọsà, tó gbé ayé láti 1916 sí 1990, jẹ ìyà irú òfin yìí lọ́wọ́ òyìnbó àti lọ́wọ́ ará ilé. Eré rẹ̀, Strike and Hunger, tó dá lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945, kó o sí ìjàngbọ̀n ní Jọ́ọ̀sì. Bread and Bullet, tó tẹ̀ lé ikú àwọn awakùsà èédú 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Ẹ̀núgù lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, tún dá wàhálà sílẹ̀ fún un ní Kánò. Èyí tó dunni jù ni ti 1964. Wọ́n pè é pé kó wá ṣeré níbi ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin n'Íbàdàn, ó sì gbé Yorùbá Ronú wá: ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà, tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n, tí ará ìlú sì gbéra níkẹyìn. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti rán Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, mọ ẹni tí eré ń bá wí. Ó dìde, ó jáde. Kò pẹ́ tí ìjọba rẹ̀ fi kéde ẹgbẹ́ Ògúndé pé kò bófin mu. Ògúndé fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì. Ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun Adékúnlé Fájuyì, ni wọ́n tó tú òfin náà ká.

Ibi tí òfin yẹn dé yẹ kí a wò dáadáa. Nígbà yẹn, Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí, wà lára Ẹkùn Ìkẹjà, abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni wọ́n sì wà. Èkó gẹ́gẹ́ bí olú ìlú orílẹ̀-èdè kò sí lábẹ́ Ìbàdàn. Eré tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Ìgàndò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní Èkó. Orin kan náà ni, òṣèré kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ààlà ìjọba nìkan ló wà láàrin wọn. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, ààlà náà di ìtàn. Ó hàn gbangba níhìn-ín pé jíjẹ́ èèwọ̀ kò sí lára iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń jọba ló wà, ó sì lè kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ohùn orin kan yí padà.

Ti akọrin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbóná ju èyí lọ. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì 1977, lẹ́yìn tí orin rẹ̀, Zombie, ti fi àwọn ológun ṣe ẹlẹ́yà, àwọn sójà dáná sun ilé rẹ̀, Kalakuta, ní ojú ọ̀nà Agége Motor Road. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ìjọba ló ni gbogbo rédíò nígbà náà, títí òfin 1992 fi gba ilé iṣẹ́ aládàáni láàyè. Àmọ́ ìjọba kò ni ẹ̀rọ tí ará ilé fi ń gbọ́ àwo orin nínú yàrá. Páálí àwo náà tún ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀: Lemi Ghariokwu, tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kankan, bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún Fẹlá láti orí àwo Alagbon Close ní 1974, ó sì ya 26 lápapọ̀.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Mọ́síkò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní oṣù Kẹsàn-án 1974, ìjọba gbé katakata wọ inú àfihàn àwòrán tí àwọn ayàwòrán ṣe sí gbangba pápá. Púpọ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà lónìí, níbi tí Norton Dodge, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kó àwòrán jọ, kó wọn lọ.

Àwọn onímọ̀ kò fi ti ilé wa sílẹ̀. Ẹ̀bùn Clark kọ ìwé lórí Ògúndé ní 1979, Bíọ́dún Jéyìífò kọ lórí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ní 1984, Téjúmọ́lá Ọláníyan sì kọ lórí Fẹlá ní 2004. Ní 2012, ilé tí wọ́n sin Fẹlá sí n'Ìkẹjà di ilé ìrántí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ tó àròjinlẹ̀: ìjọba tó ń náwó sórí orin tí ìjọba kan fi iná sun kò pa orin náà lára, ṣùgbọ́n ó lè sọ iná náà di ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ti lọ nìkan. Ewu kejì wà lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó rọrùn láti fi ọjọ́ ìmúni àti ọjọ́ ìdásílẹ̀ to ìtàn oníṣẹ́ ọnà, torí ìyẹn ni ìwé ìjọba tọ́jú. Nígbà náà, ọlọ́pàá ló ń yan ohun tí a óò kà sí pàtàkì. Rowland Abíọ́dún, onímọ̀ nípa ọnà Yorùbá, ti fi hàn pé ojú inú àti ojú ọnà ni Yorùbá fi ń wọn iṣẹ́ ọnà. Bí a bá fi ìyẹn wọn Yorùbá Ronú, orin rẹ̀, ìtò ìtàn rẹ̀ àti bí àwọn òǹwòran ṣe gbà á ló yẹ kó ṣáájú, kí ìbínú Akíntọ́lá tẹ̀ lé e.

Ìfòfindè iṣẹ́ ọnà kò sì tíì di ti àtijọ́. Ní 2018, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní orin Falz, This Is Nigeria, kò yẹ fún afẹ́fẹ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Jọ́ọ̀sì. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n ní Tell Your Papa ti Eedris Abdulkareem náà kò yẹ fún afẹ́fẹ́. Rédíò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Orin náà sì ń lọ láti fóònù dé fóònù.