Ta Ló Kó Ọ̀fìnkìn Ran Ọmọ?

Nínú ìjọ wa ní Emùré, àwọn kan ṣì ń sọ pé ẹ̀san ni ikọ́ tó ń da àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ láàmú lẹ́yìn Kòrónà: wọ́n ní a ti ṣọ́ọ̀ṣì pa ní 2020, Ọlọ́run sì bínú. Èmi nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì máa ń bi wọ́n pé, kí ni ọmọ oṣù mẹ́ta mọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì?

Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní RSV. Ọ̀fìnkìn lásán ló sábà máa ń jẹ́ lára àgbà, ṣùgbọ́n ó máa ń dí ihò tín-ín-rín tí èémí ọmọ ọwọ́ ń gbà. Nǹkan bí 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló ń pa lọ́dún, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ló sì ń sin èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí ayé sé ara rẹ̀ mọ́lé, àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ní 2021 ó yọ sí Amẹ́ríkà nínú ooru, ìgbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó di 2022, ọsibítù ọmọdé wọn kún dẹ́nu. Àwọn ọmọ tí kò bá a pàdé rí ti pọ̀ jù.

Ìyàwó kan láti ojú ọ̀nà Ìsẹ̀ gbé ọmọ oṣù mẹ́ta wá bá mi lálẹ́. “Màmá, kò mu ọyàn láti àárọ̀.” Ó ti fi ẹnu fa ikun imú rẹ̀ títí. Mo ká aṣọ ọmọ sókè: abẹ́ ìhà rẹ̀ ń rì wọlé, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀. Mo wo aago, mo ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: 64. Tó bá ti pé 50 fún ọmọ bẹ́ẹ̀, ewu dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó fi ṣe é. Mo ní kí wọ́n fi òróró àdúrà sí i lórí, kí wọ́n máa gbàdúrà lórí ọ̀kadà lọ sí Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ọ́síjìn wà.

Ẹni tó fi ṣe é dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, ó ń fẹnu ko àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Ìfẹ́ ló kó o ràn án.

Ibi tó le fún mi nìyẹn. A gbà pé ènìyàn laṣọ. Níjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọwọ́ dé ọwọ́ la ń gbé ọmọ. Ṣé ká wá fi í pamọ́ fún ènìyàn? Ìpamọ́ kì í pa àrùn, ó kàn ń sún un síwájú ni. Ṣùgbọ́n ìsúnsíwájú yẹn tó nǹkan: nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọdé tí RSV ń pa kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Àwọn ìyá wa tí kì í jẹ́ kí abiyamọ jáde fún ogójì ọjọ́ kò gọ̀.

Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí; nínú àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn 1918 ni ẹgbẹ́ àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde tó wà nídìí rẹ̀ ti dìde. N kò lè kẹ́gàn àdúrà. Èyí tó ń wá ọ̀tá kiri nìkan ni n kì í ṣe àmín sí.

Mo bẹ Alàgbà pé kó kéde níbi ìsọmọlórúkọ: ẹni tí imú rẹ̀ bá ń ṣàn, kó má gbé ọmọ. Ó ní àwọn ènìyàn máa bínú, wọ́n á ní mo pè wọ́n lájẹ̀ẹ́. Mo ní kí wọ́n bínú.