Ta Ni Kèfèrí Nínú Ogun Wa?

 

Ẹ̀yin èèyàn mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè ọmọdé kan ni ó mú mi gbé kálàmù. Láti ìgbà tí ogun Gásà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni a ti máa ń gbàdúrà fún àwọn ará ibẹ̀ ní ilé kéú wa lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwọn ọmọ á ṣe àmín tí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ràmàdáànì, bí a ti parí tí wọ́n ń ká ẹní, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ wá lóṣòó tì mí. Ó ní: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, nínú ogun àwa àti Ifẹ̀, àwọn wo ni kèfèrí?"

Mo ní kí ó lọ gbé wàláà rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ yìí kò tíì dáyé nígbà tí ogun náà ń jà láti ọdún 1997 títí dé ọdún 2000. Ohun tí ó ń gbọ́ lẹ́nu wa ni pé ibikíbi tí ogun bá ti ń jà láyé, Músùlùmí ni ó wà ní apá kan, ọ̀tá Ọlọ́hun ni ó wà ní apá kejì. Òun náà wá gbé òṣùwọ̀n tí a fún un, ó fi wọn ogun ilé, òṣùwọ̀n náà kò sì bá a mu. Músùlùmí pọ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n pọ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ẹsẹ̀ rìn lè ti àárín ìlú wa rìn dé Lagere kí omi orí iná tó hó tán. Àwọn kan wà tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Modákẹ́kẹ́, tí wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá sá sí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó dá ogun náà sílẹ̀ kò ní ẹ̀sìn nínú rárá. Ìjọba ológun dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1996, ọ̀rọ̀ ibi tí olú-ilé rẹ̀ yóò wà sì di iná. Lábẹ́ iná yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn bàbá wa ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ wà.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí n kò kọ sílẹ̀ rí. Nígbà ogun yẹn, n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì wà lára àwọn àáfà kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá lóru. N kò gbé ìbọn. Kálàmù ni mo gbé. Mo kọ hàntú fún wọn, wọ́n fọ̀ ọ́ mu. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó ti tẹ̀súbáà, a ń bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fọ́n àwọn ará ọ̀hún ká, kí Ó fọ́ wọn lójú. Ẹni tí ó kọ́ mi ní àdúrà náà, Ifẹ̀ ni ó ń gbé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ alífù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ka Alùkùráànì parí, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì máa ń fún mi ní ẹ̀kọ bí mo bá ti ilé wá láìjẹun. Mo mọ̀ dájú pé bí àwọn ọ̀dọ́ tiwa ti ń wá bá mi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tiwọn ń lọ bá a. Súrà kan náà ni à ń kà. Àkókò kan náà lóru ni à ń dìde. Èmi ń wí pé, "Ọlọ́hun, àwọn yìí," òun náà ń wí pé, "Ọlọ́hun, àwọn yìí," èmi sì wà nínú "àwọn yìí" tirẹ̀.

Hádíìsì kan wà tí gbogbo ọmọ kéú mọ̀, ó wà nínú ìwé Bùhárì àti ti Mùsílíìmù. Ànábì sọ nínú rẹ̀ pé bí Músùlùmí méjì bá yọ idà sí ara wọn, ẹni tí ó pa àti ẹni tí wọ́n pa, iná ni ibùgbé àwọn méjèèjì. Wọ́n bi í pé ti ẹni tí ó pa yé àwọn, kí ni ẹni tí wọ́n pa ṣe? Ó fi yé wọn pé òun náà ti ń lépa àtipa ẹnìkejì rẹ̀. Mo ti fi hádíìsì yìí ṣe wáàsí kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun wá dé, ó pa mọ́ mi nínú.

Kì í ṣe ti ilé nìkan ni mo ṣe báyìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1990, Ìráàkì ya wọ Kùwéètì. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Ìráàkì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991, mo lẹ àwòrán Saddam Hussein mọ́ ògiri yàrá mi. Akọni ẹ̀sìn ni mo pè é. N kò bi ara mi pé àwọn ará Kùwéètì tí ó kọ́kọ́ gba ìlú mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe? N kò bi ara mi pé nínú ọdún mẹ́jọ tí ó fi bá Ìráànì jà, láti 1980 sí 1988, òkú ta ni wọ́n ń sin ní ìhà méjèèjì? Epo rọ̀bì, gbèsè àti ààlà ilẹ̀ ni ó wà láàárín Ìráàkì àti Kùwéètì. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ wo ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìjà ààlà ilẹ̀ fún? Ṣùgbọ́n nítorí pé òyìnbó ti bá a wọ̀jà, gbogbo èyí fò mí lójú. Bí Músùlùmí bá pa Músùlùmí, etí mi á di. Bí òyìnbó bá pa Músùlùmí, mo di ajàfẹ́sìn.

Ẹ tún wo Sùdáànì. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 2023, nínú oṣù Ràmàdáànì, àwọn ọmọ ogun ìjọba àti ẹgbẹ́ ajagun tí wọ́n ń pè ní RSF kọjú ìbọn sí ara wọn ní ìlú Kàtúùmù. Músùlùmí ni olórí apá kan, Músùlùmí ni olórí apá kejì. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn lọ tí ó sá kúrò nílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti dé Ṣáàdì àti Íjíbítì. Sùdáànì kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará òkè ọya ń gbà rìn lọ sí Mákà kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé, ibẹ̀ sì ni àwọn kan nínú àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá ti lọ kàwé. Ogun yìí fi oṣù mẹ́fà ṣáájú ti Gásà. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọmọ yẹn fi bi mí ní ìbéèrè, àmín kan ṣoṣo kò jáde fún Sùdáànì ní ilé kéú wa. Mo wá ìdí rẹ̀ títí, èyí tí mo rí kò sì dùn mọ́ mi. Kò sí ẹni tí a lè bínú sí níbẹ̀ tí kì í ṣe ará wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí pé àáfà yìí fẹ́ kí a pa ẹnu mọ́ lórí Gásà. Rárá o. Iye àwọn tí wọ́n ti pa níbẹ̀ ti ju 60,000 lọ ní ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìlera Gásà ti kà á, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí kò bá rí ìkà nínú èyí, n kò mọ ohun tí ó tún fẹ́ rí. Ohun tí mò ń wí ni pé òfin tí a fi pe èyí ní ìkà, òfin Ọlọ́hun ni, òfin Ọlọ́hun kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ànábì kọ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti pa obìnrin àti ọmọdé. Abú Bákà náà kìlọ̀ fún àwọn tí ó rán lọ sí Ṣáámù pé wọn kò gbọdọ̀ pa arúgbó, wọn kò sì gbọdọ̀ gé igi eléso. Nítorí náà, nǹkan bí 1,200 èèyàn tí wọ́n pa ní Ísírẹ́lì ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2023, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ológun, òfin kan náà ni ó bá ẹni tí ó pa wọ́n wí. Àwọn ilé tí a sun àti oko kòkó tí a bàjẹ́ nínú ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ńkọ́? Ṣé igi eléso kọ́ ni kòkó ni?

Súratu Nisáì, áyà 135, pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ jẹ́rìí òdodo bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ ni ẹ̀rí náà yóò ta bá. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ wò, kí ẹ̀yin ará Modákẹ́kẹ́ tí ẹ ń kà á má sì bínú. Ìsáǹsá ogun ni àwọn bàbá wa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, wọ́n sá wá sí gúúsù, Ifẹ̀ ni ó gbà wọ́n. Àwọn kan ní Ifẹ̀ fi ìyà jẹ wọ́n, wọ́n tilẹ̀ tà nínú wọn lẹ́rú, kí Ọọ̀ni Adégúnlẹ̀ tó fún wọn ní ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí fúnra wọn. Èyí ni à ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Ohun tí a kì í fi kún un ni pé ní ọdún 1849, àwọn ará wa lé Ifẹ̀ kúrò nílé, wọ́n lọ ń gbé ní Ìsọ̀yà, wọn kò sì padà títí di 1854. Ní 1882, nígbà tí ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́, a tún lé wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì dé ilé mọ́ títí di 1894. Ọmọ Ifẹ̀ ní tirẹ̀ mọ 1849 àti 1882 bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ sọ ti 1909, nígbà tí wọ́n tú Modákẹ́kẹ́ ká, tí àwọn ará wa forí lé Òde-Òmu àti àwọn ìlú mìíràn, tí wọn kò rí àyè padà títí di nǹkan bí ọdún 1922. Ìdajì ìtàn ni olúkúlùkù wa fi tọ́ ọmọ.

Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, tí ìjọba òyìnbó ní Èkó ṣe onílàjà rẹ̀, ní kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ tí ó wà. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi máa ń gbọgbẹ́ bí wọ́n bá ń sọ ti ìwé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi pín ilẹ̀ Palẹsítínì ní oṣù kọkànlá ọdún 1947. Mo mọ bí ó ti rí kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé di ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ Ifẹ̀ náà mọ bí ó ti rí kí ẹni tí a gbà sílé lé onílé jáde. Nínú ọ̀rọ̀ Palẹsítínì àti Ísírẹ́lì, àti èyí àti ìyẹn ni ó wà níbẹ̀ ju bí a ti ń sọ ọ́ lórí mínbárì lọ.

Nígbà tí kóòtù àgbáyé dájọ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2002 pé Kamẹrúùnù ni ó ni Bakassi, inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀ ìjọba wa kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò, ó sì fà á lé wọn lọ́wọ́ pátápátá ní ọdún 2008. Èmi wà lára àwọn tí ó yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo ro ti àwọn apẹja tí ilé wọn wà níbẹ̀, mo sì bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ oko bàbá mi ni ẹjọ́ náà gbé fún ẹlòmíràn ńkọ́? Ó rọrùn fún mi láti yin àlàáfíà tí wọ́n fi ilẹ̀ onílẹ̀ rà.

Ní ìparí ọdún 2000, nígbà tí ọ̀nà ti là, mo lọ kí olùkọ́ mi ní Ifẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ilé rẹ̀ ti jóná, àwọn kìtáàbù rẹ̀ sì bá a lọ. Mo lóṣòó níwájú rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní: "Ṣé àdúrà tí mo kọ́ ọ ṣiṣẹ́?" N kò mọ ohun tí n ó sọ. Ó ní: "Èmi náà ṣe é." Ó wá ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kí ó gbé ẹ̀kọ wá fún mi. Ó ti di olóògbé báyìí. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín.

Ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ tí ọmọ yẹn bi mí ní ìbéèrè ni mo pè é. Mo ní kò sí kèfèrí kankan tí mo rí nínú ogun wa tí mo lè tọ́ka sí fún un, àwa ni a wà níbẹ̀, mo sì sọ ti hàntú fún un. Ó dákẹ́. Nígbà tí a kírun Àsárì tán, mo ní kí a gbàdúrà fún Gásà, kí a sì fi Sùdáànì kún un. Ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn nawọ́ sókè, ó bèèrè ẹni tí a fẹ́ kí Ọlọ́hun ṣẹ́gun ní Sùdáànì. Mo ní kò sí, kí wọ́n sáà ṣe àmín. Wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kò dún tó ti àtẹ̀yìnwá.