Ojúde Ọba: Ọpẹ́ Tó Gbẹ̀yìn Ìleyá

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ náà le létí. Wọn kò pe aláìmoore ní òmùgọ̀, wọn kò pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Olè ni wọ́n fi wé. Ẹni tó ṣe oore kò béèrè owó, ọpẹ́ nìkan ló ń retí, ìyẹn gan-an ni aláìmoore sì gbé lọ. Ẹ jẹ́ ká di òwe yìí mú bí a ti ń wo ohun tí àwọn Ìjẹ̀bú máa ń ṣe lọ́jọ́ kẹta Ìleyá. Ní tèmi, kò sí ọdún tó tún kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń ṣọdún kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ tó Ojúde Ọba.

Ìtàn tí àwọn Ìjẹ̀bú Òde ń sọ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù nílùú náà kì í ṣe ọlọ́lá. Ẹrú wà nínú wọn. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, kì í ṣe mùsùlùmí nígbà náà, síbẹ̀ ó fún wọn láyè kí wọ́n máa kírun wọn. Nígbà tí wọ́n wá pa ẹran Ìleyá, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, wọ́n rò ó pé ọdún náà kò tíì pé. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí ojúde ọba, wọ́n lọ dúpẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Balógun Kúkù, jagunjagun tó tún jẹ́ oníṣòwò ńlá, gba ẹ̀sìn náà ní 1902. Òun ló kó ẹṣin, ìlù àti ìbọn wọ inú ìdúpẹ́ ọ̀hún, tí ó fi di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò lónìí.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. A fẹ́ràn láti máa pa òwe yìí, a kì í sábà rò ó dé ìdí. Fífẹ̀ tí ojú ọ̀run fẹ̀ kò ní kí ẹyẹ tó ń wá ìjà má rí ẹni kọlù. Àwọn tó ń yà fún ara wọn ni fífẹ̀ náà wúlò fún. Ọba yà fún àwọn tó ń kírun, àwọn náà kò sì wí pé ẹ̀tọ́ àwọn ni, pé kí ló kan ọba. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó fún ni láyè lè má fún ni. Bákan náà ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń wọlé síwájú Awùjalẹ̀ kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń kó wọn jọ: àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan síra ni wọ́n jọ ń ṣẹgbẹ́, onígbàgbọ́ pẹ̀lú mùsùlùmí pẹ̀lú oníṣẹ̀ṣe. Bí ẹgbẹ́ kan bá dé, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàwọn ti agbádá sányán, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀ tàwọn ti gèlè, wọ́n á kí ọba, wọ́n á súre, kí ẹgbẹ́ mìíràn tó gba iwájú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó wọ aṣọ tó wọ́n jù lọ náà ń fi orúnkún kanlẹ̀.

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò ní. Àwọn tó pa òwe yìí kò sọ pé àjọjẹ kò dára. Wọ́n ní adùn rẹ̀ kò sí nínú oúnjẹ, ó wà nínú kí gbogbo ọwọ́ tó wà nídìí àwo rí nǹkan mú. Mùsùlùmí mọ èyí nínú ẹran Ìleyá, nítorí ìlànà ni pé kí ó pín in ní mẹ́ta: ti ará ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní. Ìdí nìyí tí àárọ̀ Ìleyá fi máa ń rí bó ti ń rí ládùúgbò wa. Wọ́n á máa wi irun orí àgbò lẹ́yìnkùlé, epo á máa hó nínú agbada, ọmọ kékeré á gbé àwo tí wọ́n fi aṣọ bò, á máa lọ sílé ìyá Sunday. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dá irú àwo bẹ́ẹ̀ padà lófìfo. Bó bá di Kérésìmesì, ìrẹsì àti adìyẹ ni yóò gbé padà wá. Mo ti rí àdúgbò tí àwo yìí kò lọ tí kò bọ̀ mọ́, tí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹran tirẹ̀. Ẹran kì í tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé a máa dákẹ́ jù.

N kò ní fi òdodo pamọ́: ọdún ń pa àwọn kan lára. Aṣọ ẹgbẹ́ wọ́n, àgbò wọ́n, ẹlòmíràn sì ń lọ yá owó kí ojú má bàa tì í. Irú èyí ni àwọn àgbà ń wò tí wọ́n fi ní ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà ṣàpọ́n, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí kò bú eku kékeré. Ohun tó ń sọ ni pé eku tó bá kọ́ ìtẹ́ ju ara rẹ̀ lọ, òtútù ni yóò bá a sùn níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ sí ojúde ọba kò ní ẹṣin. Ẹsẹ̀ àti ẹnu ni wọ́n gbé lọ, ìdúpẹ́ wọn sì pé. (Bẹ́ẹ̀ ni, Ìjẹ̀bú fẹ́ràn fàájì, ta ni yóò bá wọn jiyàn? Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni fàájì náà ń bá rìn.)

Ní Ojúde Ọba 2024, àwòrán ọkùnrin kan lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan: Farooq Oreagba, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn àti ṣìgá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé aláfẹ́ tí ìyà kò jẹ rí ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé ó ti tó nǹkan bí ọdún 10 tí òun ti ń bá jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun wọ̀yá ìjà, ó sì fi òkìkí náà la àwọn èèyàn lóye nípa àrùn ọ̀hún. Bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀ràn wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tó sì rí i pé ẹ̀mí ṣì wà tí òun lè fi gun ẹṣin lọ kí ọba, òun ló ń rín in.

Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní oṣù Keje 2025, lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún náà ní oṣù kan ó lé díẹ̀. Fún ọdún 65 ni àwọn èèyàn fi ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà tó jọba ti di baba àgbà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, kì í ṣe gbogbo wa la ní Awùjalẹ̀ tí a ó lọ kí. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní olùkọ́ tó gbà á sílé, ẹ̀gbọ́n tó san owó ilé-ìwé rẹ̀, aládùúgbò tó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù lóru? Bó bá jẹ́ Ìleyá ni, bó bá jẹ́ Kérésìmesì ni, ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi fóònù ṣe é bí ẹsẹ̀ bá lè débẹ̀. Bí ilé kan bá sì wà ládùúgbò tí wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ lọ́dún yìí, tí ẹnikẹ́ni kò dín ẹran níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Bí ẹ kò bá ráyè lọ́jọ́ ọdún gan-an, ẹ lọ lọ́jọ́ kẹta.