Ẹni Eji Rí Leji Ń Pa

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, tó ti gbé gíláàsì sókè, lè gbàgbé òwe yìí. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́ kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá kì í dúró sójú kan. Òjò àkọ́rọ̀ a bá ìjì dé ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Tó bá di oṣù kẹfà àti oṣù keje, ilẹ̀ kì í ráyè gbẹ. Òjò a mí díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, a tún gbéra ní oṣù kẹsàn-án, títí àrọ̀kúrò yóò fi dágbére. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ yóò gbé eruku rẹ̀ dé láti apá Sàhárà, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn yóò sì tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ ni oníkẹ̀kẹ́ yóò fi ara gbà kí ọdún tó yí po.

Kẹ̀kẹ́ sì tún ti ń pọ̀ sí i lójú títì. Ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù keje ọdún náà tó parí, lítà epo bẹntiróòlù kan tó ti wà ní nǹkan bí ₦185 ti kọjá ₦600, owó ọkọ̀ sì bá a gòkè. Bíríkìlà, télọ̀, ọlọ́dẹ, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, àwọn kan nínú wọn lọ ra tòkunbọ̀, àwọn mìíràn lọ gbọn eruku ara kẹ̀kẹ́ tí baba wọn fi sílẹ̀. Ohun ayọ̀ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sétí títì ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Òṣogbo ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò ṣú, yóò rí ohun tó ń dun ẹni tó ń kọ àròkọ yìí. Kẹ̀kẹ́ ti padà dé, ìwà tó yẹ kó bá kẹ̀kẹ́ rìn kò bá a dé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un kò fi òwe yìí ṣeré. Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gùn: wolé-wolé, katikíìsì, akọ̀wé kóòtù, tíṣà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ilé ẹ̀kọ́ wọ abúlé tí mọ́tò kì í dé, kẹ̀kẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ tíṣà débẹ̀.

Bàbá kan wà ní Ọ̀yọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó fi kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà Ìlọrà títí iṣẹ́ fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi í bó ṣe ń ṣe é lásìkò òjò, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹnu rẹ̀ jáde: “Ẹ̀yin ọmọ mi, láti alẹ́ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àárọ̀.” Ní alẹ́ yẹn ni yóò ti nu ṣéènì, tí yóò kán epo sí i, tí yóò fi ọwọ́ yẹ rọ́bà bíréèkì wò bóyá ó ti jẹ tán, tí yóò sì fẹ́ táyà. Ẹ̀wù funfun, ṣòkòtò àti bàtà iṣẹ́ yóò wọ inú ọ̀rá, ọ̀rá yóò wọ inú àpò, àpò yóò sùn sórí kárìà, yóò sì fi awẹ́ túùbù àtijọ́ dì í pinpin. Aṣọ oko ló máa ń wọ̀ rin ọ̀nà. Bó bá dé ilé ẹ̀kọ́, yóò bu omi òjò nínú àgbá, yóò fọ ẹsẹ̀, yóò nu ara, yóò pààrọ̀ aṣọ, kí agogo tó lù. Bàbá ní kò sí ọmọ ilé ìwé kankan tó rí ẹrẹ̀ lára òun rí. Bó bá sì ṣe pé òjò ń rọ̀ lójú ọ̀nà, yóò dín eré kù, yóò sì fún ara rẹ̀ ní àkókò sí i nípa jíjáde ní kùtù. Ohun tó ń pè ní kẹ̀kẹ́ gígùn nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó gbòde báyìí: kí ènìyàn fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, kó fi ọwọ́ kejì na agboòrùn sókè, kó sì máa sáré nínú òjò láàárín àwọn ọkọ̀.

Ó ti di àṣà. Ọmọge ń ṣe é, bàbá onírùngbọ̀n ń ṣe é, a sì tún ń rí ẹni tó gbé ọmọ sórí kárìà tó ń ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, lójú ọ̀nà tó ti Mọ́kọ́lá lọ sí Sángo ní Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ báyìí, agboòrùn dúdú ńlá lọ́wọ́ òsì. Afẹ́fẹ́ kan ṣàdédé yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó kó sínú agboòrùn náà, ó sì fà á bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ ọ̀tún fún bíréèkì pọ̀. Táyà iwájú dúró gbagidi, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ gbéra nílẹ̀, ọmọkùnrin náà sì ré lulẹ̀ níwájú takisí Máíkírà kan. Ọlọ́run ló ní ká rí ojú rere, awakọ̀ náà kò sáré. Ìyá alákàrà tó wà létí títì pariwo pé, “Ọmọ mi, èwo lo fẹ́ gbé délé, ẹ̀mí ẹ ni àbí aṣọ ẹ?” Ọmọkùnrin náà dìde, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Ìwé tí mo fẹ́ fi wáṣẹ́ ló wà lápò, mi ò fẹ́ kó tutù.” Ìyá wo àpò náà, ó fa ọ̀rá kan yọ nínú èyí tó fi ń di àkàrà fún oníbàárà, ó sì nà án sí i. Ọ̀rá tí ìyá ń fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìbá ti yanjú gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ilé.

Ìdí wà tí ìṣubú yẹn kò fi jẹ́ àfọwọ́fà aráyé. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró kẹ̀kẹ́, tẹ̀yìn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Méjèèjì ló yẹ kí ènìyàn jọ fún, pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ọwọ́ kan bá ti gbé agboòrùn, bíréèkì kan ṣoṣo ló kù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò sì mọ èwo ni. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ọwọ́ ọ̀tún ni bíréèkì iwájú rẹ̀ wà. Èyí tó ti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà wá, ọwọ́ òsì ni ó sábà máa ń wà. Àwọn mìíràn tó ti Họ́láńdì wá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn dúró: ẹni tó gùn ún yóò fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì padà sẹ́yìn. Gbogbo wọn ló wà pọ̀ lórí igbá kan náà lọ́dọ̀ oníṣòwò tòkunbọ̀, tí ẹni tó ń rà á kò sì ní bi í léèrè.

Òjò tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Bí irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti tutù, rọ́bà bíréèkì kọ́kọ́ ń nu omi kúrò lára rẹ̀ ni kó tó lè di nǹkan mú, nítorí náà kẹ̀kẹ́ yóò rìn jìnnà kó tó dúró. Ẹni tó bá mọ̀ yóò máa fún bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ibi tó ti fẹ́ dúró. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù, nítorí epo mọ́tò àti eruku tó ti ń sùn lórí ọ̀dà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò léfòó, ilẹ̀ yóò sì máa yọ̀. Ìjì sì tún ń ṣáájú rẹ̀.

Ojú ńkọ́? Láti 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, nítorí náà apá òsì oníkẹ̀kẹ́ ni ọkọ̀ tó bá fẹ́ yà á sílẹ̀ ń gbà. Agboòrùn tó bá tẹ̀ sí òsì ti bo ojú ibi tí ewu ti ń bọ̀ gan-an. Ní Jàpáánì, níbi tí àìmọye ènìyàn ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wọ rélùwéè láràárọ̀, òfin kò gbà kí ènìyàn gbé agboòrùn dání lórí kẹ̀kẹ́, owó ìtanràn sì ń bẹ fún ẹni tó bá ṣe é. Àwọn yẹn kò kórìíra aṣọ gbígbẹ o.

Àwọn kan yóò ní òjò wẹliwẹli lásán ni, tàbí pé ibi tí àwọn ń lọ kò jìnnà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó fi òjò wẹliwẹli kọ́ ara rẹ̀, agboòrùn yẹn náà ló máa nà lọ́jọ́ tí ọ̀wààrà bá dé. Ẹ̀wù òjò tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀, èyí tó ní ṣòkòtò tirẹ̀, wà lọ́jà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a, kó fara mọ́ òjò bí Bàbá Tíṣà ṣe fara mọ́ ọn, kó kó aṣọ gbígbẹ sínú ọ̀rá. Awọ ènìyàn kì í gba omi sínú.

Bí àrá bá ń sán ńkọ́? Kó sọ̀ kalẹ̀, kó wọ inú ilé, kó má ṣe dúró sábẹ́ igi. Kó má sì tan ara rẹ̀ jẹ pé rọ́bà táyà yóò gba òun lọ́wọ́ mànàmáná.

Ọyẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Kùrukùru àárọ̀ ń fẹ́ iná níwájú àti iná pupa lẹ́yìn, ṣéènì ń fẹ́ epo díẹ̀ péré nítorí epo púpọ̀ ló ń fa eruku mọ́ra, ètè ń fẹ́ òrí. Oòrùn oṣù kejì ń fẹ́ omi mímu àti fìlà. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀.

Ohun tó ṣòro ni ìwà. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ múra sílẹ̀ fún nǹkan mọ́. Òjò ti fara hàn lójú ọ̀run láti ìdájí, wọn kò gbójú sókè. Bí wọ́n bá wá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí ẹrẹ̀ gbà wọ́n dé ìbàdí, wọn a ní òjò ni. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀. Bí bíríkìlà ṣe ń dín sìmẹ́ǹtì kù nìyẹn, tí télọ̀ ń fi òwú tó gbó rán aṣọ ọdún, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ìdáhùn ìdánwò dípò kó kàwé. Ojú nǹkan ni gbogbo ayé ń ṣe, ìdí nǹkan ti di ohun ìgbàgbé. Awakọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá rí arìnrìn-àjò nínú òjò á kí i pé ẹ kú òjò. Lónìí, adágún omi ló ń wá, kó lè fi ẹrẹ̀ wẹ oníkẹ̀kẹ́. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ ayé ó gún.

Kòtò ẹ̀gbẹ́ títì ńkọ́, tí a ń da pàǹtírí sí títí omi kò fi ríbi gbà? Ìbàdàn tí omíyalé odò Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 pa ènìyàn rẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìlú yẹn kan náà ṣì ń da ìdọ̀tí sí ojú omi. Ká padà sórí kẹ̀kẹ́ wa: omi tó bá ti bo títì, kí oníkẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kó yí padà. Kòtò tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ omi náà kò ṣeé fojú rí.

Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ọ́fíìsì yóò ní àyè fún mọ́tò ogún, kò ní ní ibi òrùlé kan ṣoṣo tí akọ̀wé lè fi kẹ̀kẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ní ìṣó tó lè fi aṣọ tutù kọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni fífún kẹ̀kẹ́ ní láísẹ́ńsì. 774 ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, iṣẹ́ náà sì wà lọ́rùn wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gba owó láísẹ́ńsì náà ló yẹ kí wọ́n yẹ bíréèkì wò, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó ni ín èwo ni tiwájú.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́: nígbà tí ẹ bá délé lónìí, ẹ fún bíréèkì méjèèjì wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti táyà iwájú. Ẹ wá ọ̀rá tí kò lu, kí ẹ kó aṣọ iṣẹ́ ọ̀la sínú rẹ̀. Kí ẹ sì fi agboòrùn yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn.