Yinniyinni Kẹ́ni Ṣèmíràn

Àwọn àgbà ní yinniyinni kẹ́ni ṣèmíràn. Òótọ́ ni. Ẹni tó ṣe dáadáa tí a kò yìn, ọwọ́ rẹ̀ á rọ. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ta ló yẹ kó kọ́kọ́ yin onímọ̀ ẹ̀rọ: ìgbìmọ̀ tó ń pín àmì ẹ̀yẹ ni, àbí ẹni tí ẹ̀rọ bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́?

Ẹ yà sí Kokompe ní Darkuman, ní Ghana, níbi tí àwọn fìtà, ìyẹn àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ti ń tú ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá á fi ẹnu screwdriver kan ara ẹ́ńjìnì, á fi èkù rẹ̀ ti etí, á sì sọ ibi tó ń ṣe é kó tó tú nọ́ọ̀tì kan. Kò kọ́ ọ ní yunifásítì kankan. Àmọ́ bó bá di pé kó gé irin tuntun dípò èyí tó jẹ, tí kò sì ní ẹ̀rọ tó ń gé e, etí nìkan ò tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Yunifásítì KNUST ní Kumasi tètè mọ èyí. Lọ́dún 1972, wọ́n dá Technology Consultancy Centre sílẹ̀ kí ìmọ̀ má baà há sí kíláàsì. Nígbà tó di 1980, wọ́n kó ẹ̀rọ àti olùkọ́ lọ sí Suame Magazine ní Kumasi, sáàárín àwọn fìtà gan-an. Wọn ò dúró de fìtà nínú ọgbà. Àwọn ló lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ní 1987, ètò GRATIS bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Suame lọ sáwọn agbègbè yòókù ní Ghana. Ìyìn tó ju ìyìn lọ nìyẹn: wọ́n wo iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí wọ́n ṣèmíràn.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Elsie Effah Kaufmann ti University of Ghana ní Legon gba ẹ̀yẹ National Society of Black Engineers ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018. Ó tọ́ sí i: òun ni olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn ní yunifásítì náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé mọ̀ ọ́n ṣáájú ẹ̀yẹ yẹn, torí láti 2006 ló ti ń béèrè ìbéèrè níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wọn.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Olùkọ́ tó ń ka àpilẹ̀kọ rẹ̀ bí ahun ṣe ń ka owó, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí èrè rẹ̀ jẹ, kó rántí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ìgbìmọ̀ bá tún jókòó láti pín oyè, kí wọ́n bi onímọ̀ kọ̀ọ̀kan pé: ta ló ń fi iṣẹ́ rẹ jẹun? Ẹni tó bá rí orúkọ dá, ẹ dá a lọ́lá.