Kọ́kọ́rọ́ Lára Ògiri Colosseum

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkùnrin kan tó ń gbé ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ gbafẹ́ nílùú Róòmù. Ibi tí gbogbo ayé ń lọ ni àwọn náà lọ: Colosseum, ilé ìwòran ńlá tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi òkúta kọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ògiri kan, ọkùnrin yìí fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orúkọ ara rẹ̀ àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sára bíríkì, ó sì fi 23 tì í, kí ẹni tó bá rí i lè mọ ọdún tí wọ́n wá. Àlejò mìíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ó ń ya fídíò. Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Fídíò yẹn gba orí ayélujára kan. Gennaro Sangiuliano, tó jẹ́ mínísítà àṣà ní Ítálì nígbà náà, gbé e sójú òpó tirẹ̀, ó ní kí wọ́n wá ẹni tó ṣe é rí, kí òfin sì mú un. Ọkùnrin náà àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti padà sílé, ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọlọ́pàá Ítálì ti mọ orúkọ ọkùnrin náà, wọ́n ti mọ ibi tó ń gbé. Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí márùn-ún, owó ìtanràn sì lè tó 15,000 yúrò. Ìgbà yẹn ló wá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí olórí ìlú Róòmù àti sí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Nínú lẹ́tà náà ló ti sọ pé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ilé náà ti pẹ́ tó láyé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Èmi gbà pé òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Èèyàn lè mọ iye owó ọkọ̀ òfuurufú dé Róòmù, kó mọ òtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, kó mọ igun tí fọ́tò yóò ti dára jù, síbẹ̀ kó má mọ ohun tó dúró níwájú rẹ̀. Lójú ẹni bẹ́ẹ̀, Colosseum kò yàtọ̀ sí tábìlì kíláàsì tí ọmọ iléèwé ń họ orúkọ sí lára.

Ká ní ó ti béèrè kó tó wọlé ni, ì bá ti gbọ́ pé Ọba Vespasian ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní nǹkan bí ọdún 72 Sànmánì Kristi, àti pé Titus ọmọ rẹ̀ ló ṣí i ní ọdún 80. Nǹkan bí 50,000 òǹwòran ló ń gbà. Ọgọ́rin ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ nọ́ńbà sókè ọ̀pọ̀ nínú wọn kí oníkálukú lè mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Apá ibi tó pọ̀ ti wó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 23 dé 54 ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ họ 23 sára ògiri kò mọ̀ pé 23 kan ti wà lára ilé yẹn fún ohun tó lé ní 1,900 ọdún, èyí tí agbẹ́kùúta tó mọṣẹ́ gbẹ́.

Ì bá tún ti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn níbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn bá èèyàn jà, tí wọ́n ti ń pa ẹranko àti àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, kí ojú ìlú lè rí nǹkan wò. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1349 wó ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn alágbára ń kó òkúta ibẹ̀ lọ kọ́ ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé kò ní oní-nǹkan. Ohun tí à ń rí lónìí ni ìyókù tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti olówó kò rí kó lọ.

Ọkùnrin oníkọ́kọ́rọ́ yìí kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó họ nǹkan sára ilé náà. Ní ọdún 2014, àlejò kan láti Rọ́ṣíà gbẹ́ lẹ́tà K ńlá sára ilé náà. 20,000 yúrò ni ilé ẹjọ́ ní kó san. Ní oṣù Keje 2023 gan-an, nígbà tí ariwo fídíò yẹn kò tíì rọlẹ̀, wọ́n tún mú ọmọbìnrin kan láti Switzerland àti ọmọkùnrin kan láti Jámánì fún irú ìwà kan náà. Ní ọdún 2024, Ítálì fi kún owó ìtanràn fún ẹni tó bá ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́, ó sì lè dé 60,000 yúrò.

Ohun tí àwọn míì ṣe ní Àtẹ̀gùn Sípéènì, ní Róòmù kan náà, èyí tí wọ́n kọ́ láàárín 1723 sí 1725, burú bákan náà. Láti 2019 ni wọ́n ti ka ìjókòó lórí rẹ̀ léèwọ̀. Owó ìtanràn lè tó 400 yúrò. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún 2022, ẹnì kan wa mọ́tò Maserati sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àlejò méjì láti Amẹ́ríkà gbé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lọ síbẹ̀, ọ̀kan ju tirẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ tó 25,000 yúrò.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń lọ sí Róòmù fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ti ìjọ Àgùdà nínú wọn sì ń lọ sí Vatican. Ẹni tó di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú mọ ìyà tí físà Schengen fi ń jẹni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má jẹ́ kí eré ìṣẹ́jú kan kó òun sí wàhálà nílẹ̀ onílẹ̀. Kó ka ìtàn ibi tó ń lọ nínú ọkọ̀. Wákàtí tí yóò lò nínú òfuurufú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá kà á yóò gbádùn jù, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Yóò wọ Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí wọ́n parí ní ìgbà Ọba Hadrian, yóò gbójú sókè, yóò sì rí ihò roboto ńlá tó ṣí sílẹ̀ láàárín òrùlé. Yóò mọ̀ pé kò sí ìrin kankan nínú kọnkéré òrùlé tó fẹ̀ ju mítà 43 lọ yẹn, àti pé bí òjò bá wọlé, ihò kéékèèké wà nílẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Kò ní yára jáde níbẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ fi àmì ìbẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ sí orísun omi Trevi, tí omi rẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Jésù. Kó má wọnú omi náà o, òfin kò gbà á. Kó kẹ̀yìn sí i, kó fi ọwọ́ ọ̀tún ju owó wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ gba orí èjìká òsì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú a máa kó owó náà jáde, wọ́n a gbé e fún Caritas, ẹgbẹ́ àánú ìjọ Àgùdà, tó fi ń bọ́ àwọn tí kò ní. Ó máa ń lé ní mílíọ̀nù kan yúrò lọ́dún.